Kì í ṣe Ẹni tó Ṣubú Ni a Ṣẹ̀

Bí eré bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n bá ń lọ ní pápá yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀, tí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré kọlu ẹni tó ń dínà, ẹni tó ṣubú ni àwọn òǹwòran máa ń gbèjà. Èmi kò fara mọ́ èyí. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ààyè náà ni òfin FIBA ń béèrè. Bí adínà bá ti kọjú sí elébọ́ọ̀lù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti kanlẹ̀ kí elébọ́ọ̀lù tó fò, tí ìyẹn wá fi ara gbá a láyà, elébọ́ọ̀lù ló jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí adínà bá na ìgbònwọ́ tàbí ẹsẹ̀ sí i lọ́nà, òun ló jẹ̀bi.

Àwọn kan ní òfin yìí ń pa ẹwà eré. Láti 2010 ni FIBA ti fa ìlà mítà 1.25 yípo abẹ́ àwọ̀n. Adínà tó bá dúró sínú rẹ̀ kò lè gba irú fáwùlù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ti fò. Kí ni wọ́n tún fẹ́?

Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni àwọn ọmọ tó ti kọ́ bí a ṣe ń ṣubú. Fáwùlù márùn-ún péré ló ń lé ènìyàn jáde. Bí rẹfirí kò bá wo ẹsẹ̀ adínà, aláìṣẹ̀ ni yóò lọ jókòó.