Awò Ojú Ọmọ Yín
Ojú lọba ara. Ẹ̀yin ìyá, bí dókítà ojú ní Ilé Ìwòsàn Olùkọ́ni ti Ìjọba Àpapọ̀, Ìdó-Èkìtì, bá ní kí ọmọ yín lo awò, ẹ wá ilé awò tí ó ní irin-iṣẹ́ méjì.

Èkíní ni rúlà onímìlímítà tàbí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn àlàfo ọmọlójú méjèèjì. Bí àárín dígí kò bá bá ọmọlójú ṣe déédéé, orí lè máa fọ́ ọmọ.

Èkejì ni ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ń mú férémù oníke rọ̀, kí ó lè bá imú àti etí mu. Ẹ má ṣe nà án sí iná nílé, yóò wọ́.

Ẹ máa mú ọmọ padà lọ lọ́dọọdún: bí ó ti ń dàgbà ni àlàfo náà ń fẹ̀.