Iná Pupa inú Ìjàpá

Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe Volkswagen Ìjàpá tó kẹ́yìn ní 2003. Ẹ̀yin tí ti àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ yín ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n ní mọ́tò Jámánì yìí kì í náni lówó bí Chevrolet Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni. Chevrolet ńlá ìgbà náà ní sílíńdà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ, Ìjàpá ní mẹ́rin. Lítà 2½ ni ọ́ìlì rẹ̀, asẹ́ tí à ń fọ̀ ló sì ń sẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n dẹ́rẹ́bà tí Chevrolet ti mọ́ lára lè fi Ìjàpá kó wa sí gbèsè. Chevrolet lágbára, ó lè rọra fà nínú jíà òkè, omi rédíétọ̀ sì ń tù ú. Ìjàpá kò ní rédíétọ̀; afẹ́fẹ́ fáànù ló ń tù ú, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ló sì ń yí fáànù. Bí ẹ bá fi jíà kẹrin gun òkè títí mọ́tò fi ń gbọ̀n, fáànù a falẹ̀, ooru a pọ̀. Ẹ tètè bọ́ sí kẹta. (Wọ́n á ní àwọn ń ṣọ́ epo!)

Bẹ́líìtì kan náà ló ń yí dáínámò àti fáànù. Bí iná pupa bá tàn, ẹ má ṣe ní bátìrì lásán ni, ẹ jẹ́ ká délé ná. Ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ wo bẹ́líìtì. Bí ẹ́ńjìnnì bá jóná, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni yóò bá a lọ. Ẹ̀yin ìyá tó jókòó níwájú, bí ẹ bá rí iná yẹn, ẹ pariwo.