Ọ̀rẹ́ Tí A Kò Rí Ojú Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń kọ́ ìwé, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko, kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ọjà. Ọ̀rọ̀ eré ni. Ṣùgbọ́n eré yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé púpọ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí àgbà dá sí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni ó ń kọ́. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́, tí ó sì jẹun tán, yóò jókòó sí ẹ̀yìn ilé, yóò mú fóònù rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí èmi kò rí. Yóò máa tẹ̀ ẹ́, yóò máa kọ̀wé sí wọn, yóò sì máa rẹ́rìn-ín.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo bi í pé: "Ta ni o ń bá rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Bàbá. Kánádà ni ó wà."

"Ṣé o ti rí i rí?"

"Rárá, Bàbá."

"Ọmọ ta ni? Ilé wo ni wọ́n ti bí i?"

"Èmi kò mọ ilé wọn, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n."

Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tí ènìyàn kò rí ojú rẹ̀, òjìji ni, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mo gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fi í pamọ́ sínú àpótí mi. Ọ̀sẹ̀ 2 ni ó fi wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo dá a padà, mo jókòó tì í. Bí ó ti ṣí i, ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti kọ ránṣẹ́ tò sílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. "Ṣé ara rẹ kò yá ni? Ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni? Jọ̀wọ́, bá mi kí bàbá rẹ." Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí mo pè ní òjìji ni ó ń kí mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Èrò mi ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Eré ni ó ń mú ọ̀rẹ́ wá

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ayò, eré àwọn bàbá wa. Ihò 12 ni ó wà lára ọpọ́n. Ọmọ ayò 4 ni à ń kó sí ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ẹni tí ó bá ń borí ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n bá ń pa láyò ni ọ̀pẹ. Ọ̀ta yóò máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn tí wọ́n yí wọn ká yóò sì máa rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ṣé ayò nìkan ni wọ́n ń ta níbẹ̀? Rárá o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ara lágbájá kò yá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ pé ìjì ti ṣí òrùlé tàmẹ̀dù. Bí ẹnìkan kò bá wá fún ọjọ́ 3, wọn yóò rán ọmọdé lọ wò ó. Eré ni ó kó wọn jọ, ọ̀rọ̀ ni ó so wọ́n pọ̀.

Bákan náà ni eré àwọn ọmọ wa rí. Nígbà tí bọ́ọ̀lù orí fóònù bá tán, ọ̀rọ̀ ni ó kù. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi sọ fún un pé, nígbà òtútù ní Kánádà, omi adágún a máa dì gbagidi. Àwọn ọmọdé a wọ bàtà tí ó ní irin pẹlẹbẹ mímú lábẹ́, wọn a máa sáré lórí omi dídì náà, wọn a sì máa fi ọ̀pá gbá ohun róbótó kan tí a fi rọ́bà ṣe. Họ́kì ni wọ́n ń pe eré náà. Ọmọ mi náà sọ fún un bí ọyẹ́ ṣe ń la ètè ènìyàn ní Kétu, àti bí eruku ṣe ń bo gbogbo ọ̀nà. Ọ̀kan kò rí ọyẹ́ rí, èkejì kò rí yìnyín tó bo ilẹ̀ rí. Àwọn méjèèjì kọ́ ẹ̀kọ́, kò sì sí olùkọ́ tí ó gbé pàṣán dání.

Ọ̀rọ̀ Mats ará Nọ́wè

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni èyí. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ fún yín.

Orílẹ̀-èdè kan wà ní ìhà àríwá ilẹ̀ Òyìnbó tí à ń pè ní Nọ́wè. Òtútù ibẹ̀ pọ̀ gan-an. Yìnyín a máa bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú, a sì bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn ará ibẹ̀ a máa so pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ 2 mọ́ ẹsẹ̀, wọn a sì máa yọ̀ lọ lórí yìnyín náà. Ski ni wọ́n ń pe pákó yìí, èdè wọn sì ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n mọ eré yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, ní ọdún 2022, nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù tí wọ́n ṣe ní Beijing, wúrà 16 ni wọ́n gbà. Kò sí orílẹ̀-èdè tí ó gbà tó wọn, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn wọn kò pọ̀ ju mílíọ̀nù 5 àti díẹ̀ lọ.

Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí Mats Steen sí ní ọdún 1989. Àìsàn kan bá a láti kékeré. Duchenne ni orúkọ àìsàn náà. Ó máa ń jẹ́ kí iṣan ara gbẹ díẹ̀díẹ̀, ọmọkùnrin ni ó sì máa ń bá jù. Ẹsẹ̀ Mats kò gbé e mọ́, ó di ẹni orí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Nígbà tí ó yá, ìka ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni ó lè fi ṣe nǹkan díẹ̀.

Ìka wọ̀nyí ni ó fi ń ṣe eré kan lórí kọ̀ǹpútà. World of Warcraft ni orúkọ eré náà, ọdún 2004 ni wọ́n gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ a máa pàdé nínú rẹ̀, wọn a sì máa kọ̀wé sí ara wọn. Níbẹ̀, Mats kì í ṣe aláìsàn. Ọkùnrin alágbára ni. Ibelin ni orúkọ tí ó ń jẹ́. Ó ń sáré, ó ń rìn kiri, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Starlight. Fún ọdún púpọ̀, kò sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ara òun kò dá.

Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n rò pé ọmọ àwọn kò ní ọ̀rẹ́, wọ́n rò pé ó dá nìkan wà nínú yàrá rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Mats kú. Ẹni ọdún 25 ni. Bàbá rẹ̀ kọ ìkéde ikú rẹ̀ sórí ojú ìwé tí Mats máa ń kọ èrò rẹ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀. Ọ̀kan ní: Mats gbà mí nímọ̀ràn nígbà tí ìdààmú bá mi. Òmíràn ní: Mats ràn èmi àti ọmọ mi lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní ilẹ̀ Netherlands tí àwọn òbí rẹ̀ gba kọ̀ǹpútà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bí èmi náà ti gba fóònù ọmọ mi. Mats kọ lẹ́tà sí àwọn òbí náà láti bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin Mats, ènìyàn 5 nínú ẹgbẹ́ Starlight wá síbi ìsìnkú náà, àwọn kan nínú wọn sì ti òkèèrè wá. Àwọn òbí kò tí ì rí ọ̀kan nínú wọn rí. Ní ọdún 2024, wọ́n ṣe fíìmù nípa ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò. Bàbá tí ó bí ọmọ, tí ó tọ́ ọ, tí ó ń gbé e láti orí ibùsùn sí orí kẹ̀kẹ́, kò mọ ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ títí ọmọ náà fi kú. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn ọmọ. Ó rò pé eré lásán ni. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ohun tí àwọn kan yóò sọ

Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni. Ẹni tí a kò rí ojú rẹ̀ lè pa irọ́ fún wa. Olè wà lórí fóònù, gbájú-ẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń tan ọmọdé jẹ náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé wọn kò sí nínú ọjà wa? A kò torí olè ti ọjà pa. A kọ́ ọmọ wa bí yóò ṣe mọ olè.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé eré yìí ń jẹ àkókò. Òótọ́ ni èyí náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti kà á mọ́ àìsàn láti ọdún 2019, bí ènìyàn kò bá lè kó ara rẹ̀ ní ìjánu mọ́, tí ó fi eré ṣáájú gbogbo nǹkan, tí ó sì ń ṣe é lọ bí ó tilẹ̀ ń pa á lára. Ọmọ tí kò sùn, tí kò lọ síbi iṣẹ́, tí kò jẹun nítorí eré, ó yẹ kí a dá a dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, tí ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣeré fún wákàtí kan, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀?

Àwọn kan yóò tún ní: kí ni ọ̀rọ̀ yìnyín kàn wá ní ilẹ̀ tí oòrùn ti ń ràn? Ẹ gbọ́ èyí. Ní ọdún 2014, Tógò kọ́kọ́ lọ sí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù, ní Sochi, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Mathilde-Amivi Petitjean, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Tógò, wà nínú àwọn tí ó sáré fún wọn. Ilẹ̀ Faransé ni ó dàgbà sí. Orí Facebook ni àwọn alákòóso eré ski ti Tógò ti kàn sí i ní ọdún 2013. Ní ọdún 2018, Seun Adigun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gun ọkọ̀ orí yìnyín fún Nàìjíríà ní Kòríà Gúúsù. Igi ni Seun fi kan ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ṣẹ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ti tọrọ owó ìrìn-àjò wọn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Wọn kò gba wúrà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ kankan láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ti gun irú ọkọ̀ náà ní Òlíḿpíìkì ṣáájú wọn. Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹni tí a kò rí sọ lè gbé ènìyàn dé ibi tí ẹsẹ̀ kò dé.

Kí ni kí a ṣe?

Èrò mi ni pé kí a béèrè kí a tó bínú. Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ jókòó ti ọmọ yín. Ẹ ní: "Fi eré yìí hàn mí. Kí ni orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ? Kí ni ẹ jọ ń sọ?" Ọmọ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹni rere yóò dáhùn pẹ̀lú ayọ̀. Bí ọ̀rẹ́ náà bá ń tọrọ owó, tàbí tí ó bá ní kí ọmọ má sọ fún òbí, nígbà náà ni kí ẹ gba fóònù.

Ẹ tún rántí ohun kan. Kíkọ àti kíkà ni Mats fi ní ọ̀rẹ́. Kíkà ni bàbá rẹ̀ fi mọ irú ènìyàn tí ọmọ òun jẹ́. Kíkà ni èmi náà fi rí ìkíni tí ó ti Kánádà wá. Ìwé tí ẹ ń kọ́ ní alẹ́ yìí kì í ṣe fún àkọsílẹ̀ owó àti orúkọ oògùn nìkan. Ẹ lè fi ka inú ọmọ yín pẹ̀lú.

Ní tèmi, mo ti dáhùn ìkíni náà. Mo ní kí ọmọ mi kọ ọ́ pé bàbá òun kí i, pé bí ó bá wá sí Kétu, oúnjẹ wà nílẹ̀ fún un, ọpọ́n ayò náà sì wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jọ jíròrò

1. Ta ni ọ̀rẹ́ ọmọ yín? Ẹ dárúkọ 3 nínú wọn.
2. Kí ni bàbá Mats ì bá ti ṣe kí ó tó pẹ́ jù?
3. Báwo ni a ṣe lè mọ ọ̀rẹ́ rere àti gbájú-ẹ̀ yàtọ̀, bí a kò bá rí ojú wọn?