Wọ́n Ṣí Ọjà Sílẹ̀, Ẹsẹ̀ Wa Ló Ń San Owó Rẹ̀

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, àwa mọ́kànlá ni wọ́n dá dúró lẹ́nu géètì torí pé a pẹ́. Wọ́n ní ká kúnlẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní ká lọ gé koríko. Bá a ṣe ń gé e ni mo ń bi àwọn tó kù léèrè. Nínú àwa mọ́kànlá, méje ló fẹsẹ̀ rìn wá. Kò sẹ́ni tó sùn gbàgbé nínú àwọn méje yẹn. Owó ọkọ̀ ni kò sí.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà, tísà Economics wa kọ́ wa ní ohun tí wọ́n ń pè ní ṣíṣí ọjà sílẹ̀: kí ìjọba yọwọ́ nínú iye tí wọ́n ń ta nǹkan, kí ẹni tó bá fẹ́ tà máa tà, kí ọjà fúnra rẹ̀ sọ iye. Wọ́n ní ọ̀nà yẹn ni orílẹ̀-èdè tí kò tíì lówó fi ń dìde. Mo nawọ́ sókè, aago lù. Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà nìyí. Ẹ má bínú sà, mo gba apá kan ọ̀rọ̀ yín.

Apá tí mo gbà ni ti fóònù. Kí wọ́n tó bí wa, NITEL ìjọba ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ń ta tẹlifóònù, ìlà tó sì wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan. Mọ́mì mi ní ilé kan ṣoṣo ló ní in ládùúgbò àwọn, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń lọ gba ìpè. Lọ́dún 2001 ni GSM dé. Ó wọ́n nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí Glo wọlé lọ́dún 2003, tó ní sẹ́kọ́ǹdù sẹ́kọ́ǹdù lòun á máa ka owó ìpè, àwọn tó ti wà nílẹ̀ náà bá a ṣe é. Lónìí, ìyá tó ń ta mọ́ínmọ́ín níwájú géètì wa ní fóònù méjì. Ẹni tó bá ní ṣíṣí ọjà kò ṣe wá lóore kankan rí, irọ́ ló ń pa.

Bàbá tó bí mọ́mì mi náà á sọ bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n, lẹ́bàá Oǹdó. Tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń sọ iye tí wọ́n á ra kòkó. Lọ́dún 1986, ìjọba Babangida gbé SAP dé: wọ́n tú bọ́ọ̀dù ká, wọ́n sì ní kí náírà lọ wá iye tirẹ̀ lọ́jà. Náírà já wálẹ̀, owó kòkó fò sókè. Bàbá ní owó ìgbà yẹn làwọn fi kan páànù ilé tá a máa ń sùn sí tá a bá lọ ṣọdún. Wọ́n ní àléébù wà níbẹ̀ o, torí kò sẹ́ni tó ń yẹ kòkó wò bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, àwọn kan ń ta èyí tí kò gbẹ. Síbẹ̀, bàbá kì í bú SAP.

Bàbá tó bí dádì mi ni kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ aṣọ kan n'Íkẹjà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Náírà tó já wálẹ̀ tó sọ kòkó di wúrà, òun náà ló sọ ẹ̀rọ àti kẹ́míkà tí wọ́n ń rà lókè òkun di ọ̀wọ́n. Aṣọ òkèèrè tún ń wọlé, tí owó rẹ̀ kò tó tiwọn. Wọ́n dá bàbá dúró, owó gíràtúítì wọn ò sì pé títí dòní. SAP kan náà ni: ẹnì kan kan páànù, ẹnì kan padà sílé. Bí wọ́n bá ti ní orílẹ̀-èdè jèrè, ó máa ń ṣe mí bíi kí n béèrè pé èwo nínú bàbá mi méjèèjì ni orílẹ̀-èdè.

Ó wá kan tiwa. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ni wọ́n kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà nígbà yẹn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ti di nǹkan bí 500. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, ó ti ń rìn yí 1,000 ká. Lóṣù kẹfà 2023, wọ́n tún tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì kọjá 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Mi ò sọ pé kí wọ́n má yọ owó ìrànwọ́ yẹn. Ẹni tó ní jíìpù mẹ́ta ló ń jẹ ẹ́ ju ẹni tó ń wọ Micra lọ, àwọn onífàyàwọ́ sì ń gbé epo wa lọ tà ní Kútọnu. Bí wọ́n ṣe tò ó ni mo ń bá jà. Nígbà GSM, àwọn òǹtajà ló kọ́kọ́ pọ̀, wọ́n ń du oníbàárà, ni owó ìpè bá wálẹ̀. Ti epo, iye ni wọ́n kọ́kọ́ tú sílẹ̀. Àwọn ilé ìfọpo ìjọba ò ṣiṣẹ́, NNPC ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ń kó epo wọlé, ti Dangote kò sì gbé bẹntiróòlù jáde títí di oṣù kẹsàn-án 2024. Ọjà wo nìyẹn, tí òǹtajà kan ṣoṣo jókòó sí? Ìgbà tí Dangote àti àwọn tó ń kó epo wọlé wá bẹ̀rẹ̀ sí í du ara wọn lọ́dún 2025, ṣebí owó epo rọ̀ díẹ̀. Èyí tó yẹ kó ṣíwájú ló gbẹ̀yìn.

Owó oṣù náà gbẹ̀yìn. Oṣù keje 2024 ni owó oṣù tó kéré jù tó kúrò ní 30,000 bọ́ sí 70,000, ó ti lé lọ́dún kan tí epo ti fò lọ. Mọ́mì mi tó ń ránṣọ kò tilẹ̀ sí nínú ìwé owó oṣù ẹnikẹ́ni.

JSS3 ni mo wà nígbà yẹn. 100 náírà ni Micra láti ilé wa débí, 400 lèmi àti àbúrò mi ń ná lójúmọ́ lálọ àtàbọ̀. Ní báyìí ó ti di 300: 1,200 lójúmọ́, 6,000 lọ́sẹ̀. Mọ́mì fi tẹ́ẹ́lọ̀ ṣọ́ọ̀kì ṣírò rẹ̀ sórí tábìlì ìránṣọ, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ máa fẹsẹ̀ lọ láàárọ̀ tí oòrùn ò tíì mú, kí ẹ máa wọkọ̀ bọ̀." Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Tí òjò bá rọ̀, ó parí nìyẹn. Mo bi awakọ̀ kan pé epo ti rọ̀, kí ló dé tí owó ọkọ̀ ò rọ̀? Ó bi mí pé ṣé táyà náà ti rọ̀ ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, a rí yín náà. Àwọn kan nínú yín ń bọ́ọ́lẹ̀ ní ìkóríta báyìí, wọ́n á fẹsẹ̀ rin èyí tó kù. Mi ò ní kẹ́ ẹ pa òfin géètì rẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí tísà kíláàsì kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn tó ń rìn láti ọ̀nà jíjìn, kí wọ́n fún wọn ní ìdajì wákàtí sí i. Ẹni tó bá sì jẹ̀bi, kó gé koríko rẹ̀ nígbà break. Ìgbà Maths la gé ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, logarithm ni wọ́n kọ́, tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, títí kan tísà Economics wa, kó fún press club ní tirẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Àyè ṣì wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n lẹ èsì bọ́ọ̀lù mọ́.