NÓNÒ KÌ Í ṢE OÒGÙN Ẹ̀JẸ̀ RÍRU

 Ẹ̀yin ọmọ Oòduà tí ń gbé Maiduguri, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí kò yẹ kí a dákẹ́ sí.

Àwọn kan láàrin wa ń sọ ọ́ kiri pé ẹni tó bá ń mu nónò lójoojúmọ́ kò nílò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ a máa pani ju irọ́ lọ.

Òótọ́ inú rẹ̀ nìyí. Bí wàrà bá ń kan, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí a máa gé amúaradàgbà inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Àwọn ègé wọ̀nyí ni à ń pè ní pẹ́pútáìdì. Èròjà kan wà nínú ara tí iṣẹ́ rẹ̀ ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún. Díẹ̀ nínú àwọn ègé yìí lè dí i lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí lisinopril tí dókítà ń kọ fún wa ti ń ṣe. Ní 1995 àwọn onímọ̀ Jàpáàn kọ̀wé nípa méjì irú rẹ̀ tí wọ́n rí nínú wàrà kíkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dán an wò lára ènìyàn, àwọn kan rí i pé ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, àwọn mìíràn kò rí nǹkan kan. Ní 2012 àjọ tí ń ṣọ́ oúnjẹ fún ilẹ̀ Yúróòpù yẹ ẹ̀rí náà wò, wọ́n ní kò tó.

Bí ti ilé iṣẹ́, tí wọ́n ti yan kòkòrò inú rẹ̀, kò bá tó ẹ̀rí, kí ni ká sọ nípa ti inú igbá, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó mú un kan? Oògùn ní ìwọ̀n. Igbá nónò kò ní.

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò bá àwọn tí ń pe nónò ní oúnjẹ darandaran dọ́gba, àwọn tó jẹ́ pé omi ṣúgà inú ike ni wọ́n ń fowó rà. Oúnjẹ gidi ni fúrá àti nónò tí àwọn obìnrin Fúlàní àti Ṣúwà ń tà fún wa. Ó ń fún egungun lókun, ó sì ń dá inú ọ̀pọ̀ ẹni tí wàrà tútù ń yọ lẹ́nu lára.

Ṣùgbọ́n kíkan kò pa gbogbo àìsàn inú wàrà tí a kò sè. Ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù lè gba ibẹ̀ wọlé. Omi tí a fi là á ńkọ́? Ẹ rántí September 2024, nígbà tí omi tí a sé ní Alau ya bo ìlú yìí, tí àrùn onígbáméjì sì tẹ̀ lé e. Ẹ ra wàrà, ẹ sè é hó, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ fi yọ́gọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà díẹ̀ sí i. Ilẹ̀ á mọ́ tán, á ti kan.

Ẹ mu nónò yín, ẹ lo oògùn yín, ẹ máa lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ké. Lára ẹlòmíràn, rọpárọsẹ̀ ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá tún ní kí aláìsàn da oògùn nù, ẹ bi í pé: ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀?