Ẹ kọ tábìlì yín sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fowó sí i

Bí ẹ bá gba Ṣàngó kọjá kí sáà 2025/2026 tó bẹ̀rẹ̀, láti ẹnu géètì Póólì títí dé ẹ̀gbẹ́ ọjà, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, lọ́dọ̀ oní-POS àti nídìí ọkọ̀ máíkírà: ta ló máa gba Premier League? Ta ló máa ṣe ipò kẹrin? Àwọn wo ló máa já? Bọ́ọ̀lù kan ò tíì yí nígbà náà, ṣùgbọ́n gbogbo wa ti mọ ibi tó máa parí sí.

Èmi náà wà lára wọn. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gẹrun, ìwé kan wà, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò. Ní oṣù kẹjọ ọdọọdún, ẹni tó bá fẹ́ á kọ orúkọ ẹgbẹ́ 20 sínú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á buwọ́ lù ú, onígbàjámọ̀ á sì tì í mọ́ inú àpótí. Tó bá di oṣù karùn-ún, a máa gbé e jáde, a máa fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó bá gbà á jù á mu mínírà ọ̀fẹ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ èyí tó kọjá yìí kò pa mí lẹ́rìn-ín.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, mo kọ Manchester United sí ipò kẹrin. Ẹgbẹ́ mi ni. Wọ́n ti na Manchester City ní 2-1 nínú àṣekágbá FA Cup lóṣù karùn-ún ọdún náà, ayọ̀ yẹn ṣì wà lára mi. Mo gbàgbé pé ẹgbẹ́ yìí kan náà ló ṣe ipò kẹjọ nínú líìgì. Àbúrò kan nínú kọ́ńpáùndì wa, ọmọ Póólì, rí ohun tí mo kọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú?" Mo ní ó dá mi lójú gbangba.

N kò mọ̀ pé ó ti gbé 40,000 náírà, ìyókù owó iléèwé rẹ̀, lọ sí ilé tẹ́tẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n lé kóòṣì Erik ten Hag lóṣù kẹwàá. Ruben Amorim dé lóṣù kọkànlá. Nígbà tí sáà parí, ipò kẹẹ̀ẹ́dógún ni United wà. Ìyá rẹ̀ tó ń ta ata ní ọjà Ṣàngó ló lọ gba owó àjọ rẹ̀ ṣáájú àsìkò kí ọmọ tó lè ṣe ìdánwò. Ọmọ náà kò bá mi wí rí títí dòní. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹnu mi ló gbọ́.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n gba ìwé yẹn lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí n lọ fara balẹ̀ kà á nílé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wa tó kọ Liverpool sí ipò kìn-ín-ní. Kí nìdí? Klopp ti lọ, a ò mọ Arne Slot, ẹgbẹ́ náà kò sì ra agbábọ́ọ̀lù olówó ńlá kankan. Liverpool náà ló gba líìgì. Kò sẹ́ni tó kọ Tottenham sí ìsàlẹ̀ ipò kẹjọ. Ipò kẹtàdínlógún ni wọ́n parí sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fi 1-0 na United tiwa gba Europa League. Nottingham Forest tí ọ̀pọ̀ wa ní yóò já, ipò keje ló ṣe.

Mo wá dán nǹkan kan wò. Bí a ṣe ń ka máàkì ni pé tí o bá kọ ẹgbẹ́ kan sí ipò kẹrin, tó wá parí sí ipò kẹẹ̀ẹ́dógún, àṣìṣe 11 nìyẹn. A máa ro àṣìṣe ẹgbẹ́ 20 náà pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló borí. Mo ní, ká ní ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù kàn da tábìlì ìparí 2023/2024 kọ bó ṣe wà ńkọ́? Kó yọ ẹgbẹ́ mẹ́ta tó já kúrò, kó wá fi Leicester, Ipswich àti Southampton tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè sí ìsàlẹ̀, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra wọn bọ̀.

Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ 64. Nínú ẹgbẹ́ 20, 13 ló parí sí ibi tó kọ wọ́n sí gan-an, tàbí tí wọ́n fi ipò kan sí méjì yà kúrò níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó fi sí ìsàlẹ̀ já lóòótọ́, bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra náà ni. Tottenham àti Forest nìkan ló kó 22 nínú àṣìṣe 64 náà. Èmi tí mò ń wo bọ́ọ̀lù láti kékeré, tèmi ju 64 lọ dáadáa. Kò sí ẹyọ kan nínú ìwé yẹn tó dára tó ti ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iwájú nìkan là ń wò. Ariwo ta ni wọ́n rà, èló ni wọ́n rà á, ló ń dí wa létí. Ibi tí ẹgbẹ́ kan wà lọ́dún tó kọjá ló sábà máa ń sọ ibi tó máa wà, nítorí owó àti agbábọ́ọ̀lù kì í kúrò lójijì. Ohun tí ọkàn wa ń fẹ́ la ń kọ sílẹ̀, a wá ń pè é ní àsọtẹ́lẹ̀.

Kò burú bó bá dúró sínú ìwé. Wàhálà dé nígbà tí owó bá wọ̀ ọ́. Ẹ rántí Leicester: ní 2015, àwọn ilé tẹ́tẹ́ ní ìlú Òyìnbó ní tí o bá fi náírà kan sí i pé wọ́n máa gba líìgì, àwọn á san 5,000. Leicester gbà á ní 2016. Ilé tẹ́tẹ́ náà ṣàṣìṣe, àbí? Ṣùgbọ́n wọn ò tìtorí ẹ̀ kó wọlé. Èrè tiwọn ti wà nínú gbogbo tẹ́tẹ́ tí wọ́n ń gbà, wọ́n lè ṣàṣìṣe kí wọ́n sì jẹun lọ́jọ́ kejì. Àṣìṣe kan ṣoṣo ló gba owó iléèwé àbúrò mi.

Ohun kejì tí mo fẹ́ sọ rèé. Nígbà tí mo dá ìwé náà padà, mo ní kí wọ́n kọ tábìlì líìgì Nàìjíríà náà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ẹnì kan tiẹ̀ bi mí pé, "Ṣé wọ́n ṣì ń gbá ìyẹn?" Bẹ́ẹ̀, láti Ṣàngó, ẹ gba Mọ́kọ́lá, ẹ ti dé Adamásìngbà nìyẹn, níbi tí 3SC ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ yìí ló kọ́kọ́ gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, ní 1976.

Níbẹ̀, dída tábìlì ọdún tó kọjá kọ kò lè gbà yín. Láti 2021 sí 2025, Manchester City gba líìgì wọn lẹ́ẹ̀mẹrin, Liverpool lẹ́ẹ̀kan. Ní tiwa, ẹgbẹ́ márùn-ún ló gbà á: Akwa United, Rivers United, Enyimba, Rangers àti Remo Stars. Akwa United tó gbà á ní 2021 ti já ní 2025. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa, àpò ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun; bí ọwọ́ ìjọba bá yí, ẹgbẹ́ náà á yí.

Ẹ wo 3SC àti Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́. Ọdún kan náà, 2021, ni wọ́n jọ gòkè padà. Remo Stars, tó jẹ́ ti Kunle Soname, ní pápá ìṣeré tirẹ̀, ó sì ń tọ́ àwọn ọmọ kéékèèké dàgbà. Ó ṣe ipò kejì ní 2023, ó ṣe é ní 2024, ó gba líìgì ní 2025. 3SC, tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 1998 ló gbà á gbẹ̀yìn. Irú ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kí ọmọ Ìbàdàn máa jiyàn lé, torí ẹni tó máa dáhùn rẹ̀ wà ní Àgódi, kì í ṣe ní Manchester. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní báyìí, òfin méjì ló wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé wa: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí ohun tó kọ síbẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì kọ tábìlì ló gbọ́dọ̀ kọ ipò 3SC sísàlẹ̀ rẹ̀. Mo kọ United sí ipò kẹwàá, ó dùn mí. Mo kọ 3SC sí ipò karùn-ún.

Àbúrò mi náà kọ tirẹ̀. Ó da tábìlì ọdún tó kọjá kọ bó ṣe wà, ó fi Leeds, Burnley àti Sunderland sí ìsàlẹ̀, ó buwọ́ lù ú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dìgbà oṣù karùn-ún." Ẹ̀yin náà, ẹ kọ tiyín sílẹ̀. Ẹ fi owó yín sápò.