Ìgbà Òkùnkùn Ni, Kì Í Ṣe Ìgbà Òtútù

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ta ni ó wo ilé kí ó tó sọ oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní ní àríwá Yúróòpù ní "ìgbà òtútù"? Orúkọ yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí, nítorí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ́nà.

Ẹ wo bí a ti ń múra fún ọmọ tí ó fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Skọ́tílándì. Ìyá ra súwẹ́tà, ẹ̀gbọ́n ra kóòtù, àbúrò ìyá fún un ní ìbọ̀wọ́ àti ìbọ̀sẹ̀. Gbogbo ẹnu ni ó ń wí pé, "Òtútù wà níbẹ̀ o!" Ọmọ gúnlẹ̀ tán, ó rí i pé a mọ bí a ti ń ṣẹ́gun òtútù. Owó ni a fi ń ṣẹ́gun rẹ̀: iná ń mú ilé gbóná, ó ń mú bọ́ọ̀sì àti ilé ìkàwé gbóná. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dúró dè é gan-an, kò sí ẹni tí ó dárúkọ rẹ̀ fún un.

Ní Aberdeen, ní ìparí oṣù Kejìlá, aago 9 òwúrọ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ lù kí oòrùn tó yọ, oòrùn a sì ti wọ̀ ní nǹkan bí aago 3 ààbọ̀. Gbogbo ojúmọmọ kò tó wákàtí 7. Ní Ìbàdàn, ojúmọmọ tí ó kúrú jù lọ nínú ọdún ju wákàtí 11 àti ààbọ̀ lọ. Oòrùn ibẹ̀ kì í tilẹ̀ gòkè. Ìsàlẹ̀ ọ̀run ni ó ń gbà kọjá, tí àwọn ilé fi ń dí i. Akẹ́kọ̀ọ́ a wọ kíláàsì bí ilẹ̀ ti ń mọ́, a jáde nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Ó lè lo ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì láìfojú kan oòrùn. Bí ó bá sì lọ sókè títí dé Tromsø ní Nọ́wè, láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di àárín oṣù Kìíní, oòrùn kì í yọ rárá.

Àwọn onílé mọ ohun tí ń bá wọn fínra. Wọ́n ní orúkọ fún ìgbà náà lápapọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n yọ òkùnkùn sọ́tọ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ tirẹ̀. Àwọn ará Nọ́wè ń pè é ní mørketid, èyí ni "àkókò òkùnkùn". Kaamos ni àwọn ará Fínlándì ń pè é. Ní ìlú Rjukan ní Nọ́wè, tí òkè ńlá dí oòrùn mọ́, wọ́n gbé dígí ńláńlá sórí òkè ní ọdún 2013 kí ó lè máa ta ìmọ́lẹ̀ sí àárín ìlú. Ta ni ó rí ìlú tí ó gbé dígí sórí òkè nítorí òtútù?

Ẹnì kan yóò ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kò sí nínú Bíbélì?" Ó wà níbẹ̀, àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ kò sì jẹ̀bi. Ilẹ̀ Palẹ́sítínì ni wọ́n ń sọ, níbi tí òtútù àti òjò ti ń bá ara wọn rìn. Àwa ni a gbé ẹ̀wù Jerúsálẹ́mù wọ Aberdeen.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Orúkọ lásán ni." Kì í ṣe orúkọ lásán! Ọmọ tí ó gbà pé òtútù ni ọ̀tá òun a ti ìlẹ̀kùn, a fa aṣọ fèrèsé, a sì kó sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì ní wákàtí díẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ wà lóde. Nígbà tí ó bá wá kọ̀wé sílé pé òun ń sùn láìyó oorun, pé ìwé kò wọ orí òun mọ́, kí ni a fi ń dá a lóhùn? A ní kí ó wọ aṣọ sí i. A ní ọ̀lẹ ni. A ní ayé ń bá a jà. Bẹ́ẹ̀ ni láti ọdún 1984 ni dókítà Norman Rosenthal àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣàlàyé ìbànújẹ́ tí ń bá òkùnkùn dé, tí ń bá ìmọ́lẹ̀ lọ. Àtùpà tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lágbára wà lára ohun tí a fi ń tọ́jú rẹ̀. Àwọ̀ dúdú wa pẹ̀lú ń fẹ́ oòrùn púpọ̀ kí ara tó lè ṣe fítámì D. Ìjọba Bìrìtìkó gba gbogbo ènìyàn nímọ̀ràn láti máa lo máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́ ní ìgbà náà, kí aláwọ̀ dúdú sì máa lò ó yí ọdún po. Ta ni nínú wa tí ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòtù nínú àpótí ọmọ?

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni òkùnkùn ń dá dùbúlẹ̀. Àwọn ọmọ Tromsø ń ṣeré lórí yìnyín, wọ́n ń tan àbẹ́là, wọ́n ń bá ara wọn jẹun. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bá jà ni.

Àwọn kan yóò ní "ìgbà òkùnkùn" kò dùn létí, nítorí orúkọ tí àwọn oníwàásù fi ń pe ayé àwọn baba wa nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a dá ẹrù padà fún ẹni tí ó ni ín! Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ra kóòtù, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀rọ̀ kan kún un: "Ìmọ́lẹ̀ ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, ọmọ mi. Máa jáde lọ pàdé rẹ̀ ní ọ̀sán."